Pákó Sàréè Alhaji Kàsímù

Mo fi pákó sàréè ọkùnrin kan ṣe tábìlì ìjẹun nígbà tó ṣì wà láàyè. Nígbà tó kú, mo gbé igi mìíràn lọ sí itẹ́ òkú, mo ní tirẹ̀ ni.

Orúkọ mi ni Àmúdà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n Accra ni wọ́n bí mi sí, níbi tí àwọn onílẹ̀ ti ń pè wá ní Alata. Káfíńtà ni mí ní àdúgbò Kokomlemle. N kì í ra igi lọ́jà pákó. Igi tí ìlú bá gé sọ nù ni mò ń lò: èyí tí wọ́n wó nítorí ọ̀nà, èyí tí ìjì dá sórí wáyà iná, àti igi àjà àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń wó lulẹ̀. Mo máa ń fi irin gbígbóná kọ orúkọ àdúgbò tí igi ti wá sí abẹ́ ohunkóhun tí mo bá kàn. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi fúnra mi ni mo ṣe é. Ẹni tó bá ni igi ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ nínú rẹ̀, kí a tó fi ìyókù ṣe ọjà.

Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, wọ́n gé dóńgóyárò kan lójú ilé Alhaji Kàsímù, nítorí gọ́tà tí wọ́n fẹ́ là níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló gbìn ín. Bàbá Sàká, ọ̀rẹ́ Alhaji láti kékeré, ló fi ẹ̀rọ la igi náà sí pákó. Kò sí agégi tó dàgbà tó o ní àdúgbò wa.

Mo bi Alhaji pé, "Bàbá, kí ni ká ṣe fún yín? Àga ni àbí àpótí?"

Ó ní, "Pákó méjì láti inú ọkàn igi. Má kàn wọ́n mọ́ ohunkóhun. Òun ni wọn yóò fi bò mí."

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ ń ka èyí mọ ohun tó ń sọ. A kì í fi pósí sin òkú wa. A ó tẹ́ ẹ sínú ilẹ̀, a ó to pákó lé e lórí kí iyẹ̀pẹ̀ má baà dé ara rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ máa lo ọgọ́rùn-ún ọdún!"

"Máa rẹ́rìn-ín," ló wí. "Lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba ní kí àwa àlejò kó ẹrù wa láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, a fi ilé yìí sílẹ̀. Ọdún kọkànlá ni mo padà dé. Àwọn tí mo bá nínú ilé ò mọ̀ mí. Igi yìí nìkan ni mo bá níbi tí mo fi í sí. Mo fẹ́ kó bá mi wọlẹ̀."

Bàbá Sàká fọwọ́ lu ìtì igi náà. "Ikán ò sì ní jẹ ẹ́. Igi tó korò báyìí!"

"Ìwọ náà korò," ni Alhaji dá a lóhùn, "ikán á sì jẹ ọ́."

Alhaji fi kálámù àti tàdáà dúdú kọ orúkọ ara rẹ̀ ní lẹ́tà Lárúbáwá sí ẹ̀gbẹ́ orí pákó kọ̀ọ̀kan. Ó ní a ò gbọdọ̀ gé wọn kúrú. "A kì í wọn sàréè ẹni tó ṣì ń mí. Ọjọ́ tí mo bá kú ni kí ẹ tó mú ayùn."

Báyìí ni pákó méjèèjì ṣe wà ní gígùn wọn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá, ní igun ṣọ́ọ̀bù mi. Ká ní wọ́n ti gé wọn ni, n kì bá tí lè ṣe ohun tí mo ṣe.

Mo sọ fún un lójú Bàbá Sàká pé, "Wọ́n wà lọ́wọ́ mi, Bàbá. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn wọ́n."

Ìyókù igi náà ni Auntie Korkor rí. Obìnrin Gà ni, ọmọ onílẹ̀ Accra, ó ń múra láti ṣí ilé oúnjẹ ní àdúgbò Osu. Ó fẹ́ tábìlì gígùn kan tí ogún ènìyàn lè jókòó yí ká, igi kan ṣoṣo ni ó sì fẹ́ kí gbogbo ojú rẹ̀ ti wá.

"Mi ò fẹ́ àdàlù o," ló wí. "Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin Alata, ẹ lè ta iyanrìn fún etí òkun."

Mo ní, "Auntie, tí a bá tà á fún un, á tún padà wá rà sí i."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà la ti di ọ̀rẹ́.

Mo sá igi náà sí afẹ́fẹ́ fún oṣù mẹ́wàá. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, pákó mẹ́rin tó máa jẹ́ ojú tábìlì ti wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Ọyẹ́ dé lọ́dún náà bí ẹni ń bínú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n ṣílé oúnjẹ, mo wọlé mo bá pákó méjì tó wà láàrin. Wọ́n ti là láti orí dé ìdajì.

Mo pe Auntie Korkor láti sọ fún un. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

"Àmúdà! Inú mi dùn pé o pè. Àwọn oníròyìn mẹ́ta ló ń bọ̀, ọ̀kan jẹ́ ti tẹlifíṣọ̀n. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ bi mí ní nǹkan kan lórí tábìlì, pé ìwọ ni kí wọ́n bi. Wá aṣọ tó dáa wọ̀ o! Má wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí gọ́ọ̀mù wà lára rẹ̀ yẹn."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Auntie."

"Kí lo fẹ́ sọ?"

"Kò sí. Mo kàn fẹ́ kí yín ni."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ojú mi lọ sí igun ṣọ́ọ̀bù.

Zàíd, káfíńtà tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, ń fi sáńpépà nu ẹsẹ̀ àga kan. Ó dáwọ́ dúró.

"Ọ̀gá, rárá."

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ò sọ nǹkan kan. Mo rí ibi tí ẹ ń wò."

Mo ní, "Zàíd, inú igi kan náà ni. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà. Kò sí igi mìíràn ní gbogbo Accra tí ojú rẹ̀ máa bá tábìlì yẹn mu láàrin ọjọ́ mẹ́wàá."

"Mo mọ̀."

"Alhaji ò ṣàìsàn. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn lọ kí jímọ́ọ̀. Dóńgóyárò pọ̀ níhìn-ín ju ilé lọ. Tí wọ́n bá ti gé òmíràn báyìí, màá la pákó méjì, màá fi sí àyè wọn. Kò sẹ́ni tí yóò pàdánù nǹkan kan."

"Tí kò bá sẹ́ni tí yóò pàdánù nǹkan kan, ẹ lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Alhaji. Ilé wọn kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ."

Mo lè lọ. Bóyá Alhaji ìbá sọ pé kí n mú un. Ṣùgbọ́n bóyá ìbá ní rárá, ìyẹn ni mi ò fẹ́ gbọ́.

"Ọ̀gá, èmi ò ní fọwọ́ kàn án," ni Zàíd wí. Kò sì fọwọ́ kàn án. Èmi nìkan ni mo gbé pákó méjèèjì sórí tábìlì iṣẹ́. Mo fi ẹ̀rọ fá orúkọ Alhaji kúrò lára wọn. Eruku igi náà wọ ẹnu mi, ó sì korò fún gbogbo ọjọ́ náà, bí mo tilẹ̀ ń mu omi.

Wọ́n bá tábìlì náà mu bí ìbejì.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fi mọ̀ pé kì í ṣe àṣìṣe ni mo ṣe. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe kì í múra sílẹ̀ láti bò ó mọ́lẹ̀. Alhaji máa ń yà wò mí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn jímọ́ọ̀, ó sì máa ń fọwọ́ kan pákó rẹ̀ kó tó lọ. Ọ̀túnla ni ọjọ́ Ẹtì. Mo lọ sí Jamestown, níbi tí wọ́n ti ń wó ilé alájà kan tó ti gbó, mo kó igi mọ̀gánì méjì látinú àjà rẹ̀. Pupa ni mọ̀gánì, ó sì jọ dóńgóyárò lójú ẹni tí kì í ṣe onígi. Mo fá a. Mo gé e sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá.

Lẹ́yìn náà mo ra tàdáà. Mo ti ya fọ́tò orúkọ tí Alhaji kọ kí n tó fá a dànù, nítorí náà mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó, mo fi ara balẹ̀, mo da lẹ́tà rẹ̀ kọ sára igi mọ̀gánì méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Alhaji dé ní ọjọ́ Ẹtì. Yànà, awọ funfun inú ẹyinjú, ti ń bo ojú rẹ̀ méjèèjì, kò ríran dáadáa mọ́. Ó rí orúkọ rẹ̀, ó mi orí. Ó na ọwọ́, ó fi pá ojú pákó náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ó dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Mo fá a díẹ̀ ni, Bàbá. Eruku ti pọ̀ lórí rẹ̀."

"Ta ló ní kí o fá a? Ṣé mo fẹ́ fi ṣe tábìlì ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Zàíd jáde síta.

Kí ó tó lọ, Alhaji gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó ní, "Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun tìrẹ náà sọnù lọ́wọ́ ẹni tí o bá fi pamọ́ sí."

Mo ṣe àmín.

Àwọn oníròyìn wá sí Osu bí Auntie Korkor ṣe wí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan na ohun ìgbóhùn sí mi lẹ́nu, ó ní, "Ta ló ni igi yìí?" Mo sọ ìtàn Alhaji fún un: ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fún wọn, ọdún mọ́kànlá tó fi lọ, igi tó padà wá bá. Mo sọ ọ́ débi pé obìnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nu ojú rẹ̀. Mi ò sọ ti sàréè. Auntie Korkor ní kí wọ́n tẹ ìtàn náà sínú ìwé, ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sára ògiri lókè tábìlì.

Iṣẹ́ rọ́ wọlé fún mi. Láàrin oṣù mẹ́ta, dóńgóyárò méjì ni wọ́n gé tí wọ́n sì pè mí sí. Èyí àkọ́kọ́, mo fi ṣe ibùsùn fún dókítà kan. Ìkejì, mo fi ṣe àga mẹ́jọ. Ìgbàkúùgbà tí Zàíd bá wo igun, mo máa ń ní, "Èyí tó ń bọ̀ ni ti Alhaji."

Ní ọjọ́ Ajé kan ní oṣù kẹta ọdún yìí, fóònù mi dún ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kùtù, lẹ́yìn ìrun sùbúù. Àmínátù, ọmọbìnrin Alhaji tó dàgbà jù, ló pè. Àǹtí ni mò ń pè é.

"Àmúdà, Bàbá sùn, wọn ò jí."

"Ìnnà lílàhi. Àǹtí..."

"Ṣáájú ìrun àìlà ọ̀sán yìí la fẹ́ sin wọ́n. Bàbá Sàká ń gbé mọ́tò bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Jọ̀ọ́, kó pákó Bàbá síta dè wọ́n." Ohùn rẹ̀ yí padà. "O ṣeun tí o tọ́jú rẹ̀. Pákó yẹn nìkan ni wọ́n fi fọkàn balẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní ohun tí àwọn tún ń wá."

Zàíd ti dé ibi iṣẹ́. Ó ń gbọ́. Ó ń fi ọwọ́ ṣe àmì sí mi pé kí n sọ ọ́. Mo yí ẹ̀yìn sí i.

Mo ní, "Pákó ti wà nílẹ̀, Àǹtí."

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Zàíd ní, "Ọ̀gá, ó tún ṣẹ́ku àyè kan. Ẹ sọ fún Bàbá Sàká tó bá dé. Orí fóònù ló le."

Bàbá Sàká dé. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Kò wo igi. Ó gbá ibi tí orúkọ wà mọ́ àyà bí ẹni gbá ọmọ mọ́ra, ó ní, "Kàsímù mi ti lọ." Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lójú ẹkún yẹn? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ fún ara mi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù bà mí.

A tó ọgọ́ta ọkùnrin ní itẹ́ òkú. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tán, wọ́n ti tẹ́ Alhaji sínú rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Ẹnì kan fẹ́ gba ayùn lọ́wọ́ Bàbá Sàká.

Ó kọ̀. "Èmi ni mo là á. Èmi ni màá gé e."

Ó fi okùn wọn ìbú ilẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ pákó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ. Mo rí i tí ayùn náà ń lọ, tó ń bọ̀, mo sì ń ka ìgbà tó ń lọ. Ó dúró.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbọ́ òórùn ojú ibi tó ti rẹ́. Ó ya èérún kan lára rẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, ó ń run ún bí ẹni ń run orín. Ó tu ú sọ́wọ́. Ó wò ó.

"Kò korò," ló wí.

Ẹnì kan ní, "Bàbá Sàká, ẹ jọ̀ọ́, oòrùn ń mú."

Bàbá Sàká ya òmíràn lára pákó kejì. Ó run ún. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Àmúdà. Igi wo nìyí?"

Mo ní, "Ti Alhaji ni. Ẹ wo orúkọ wọn."

"Mo rí orúkọ. Igi ni mo bi ọ́."

Ó rìn wá síwájú mi, ó fi èérún igi kan lé mi lọ́wọ́.

"Jẹ ẹ́."

Mo jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Kò ní adùn, kò ní ìkorò. Eruku ilé àtijọ́ nìkan ló wà lẹ́nu mi.

"Mọ̀gánì ni, Bàbá."

"Láti ibo?"

"Jamestown."

"Dóńgóyárò Kàsímù dà?"

"Ó wà ní Osu. Mo... mo fi ṣe tábìlì."

"Ta ló wá kọ orúkọ rẹ̀ sí èyí?"

Ó wo ọwọ́ mi. Ó mọ̀.

Ẹnì kan nínú èrò pariwo pé, "Olè! Olè òkú!" Lèmọ́mù gbé ọwọ́ sókè, ariwo náà sì rọlẹ̀. Ó ní, "Igi kankan kì í gbe òkú, kò sí èyí tó ń pa á lára. Àmánà ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ènìyàn. Ìyẹn di ọwọ́ Ọlọ́run." Ó yíjú sí Bàbá Sàká. "A ò lè fi òkú sílẹ̀ nínú oòrùn. Ẹ jẹ́ ká lo ohun tó wà."

Bàbá Sàká gé ìyókù. Omi ń dà lójú rẹ̀ sórí ayùn. Nígbà tó parí, ó tì í sí iwájú mi.

"Sọ̀kalẹ̀. Ìwọ ni wàá fi bò ó."

Mo sọ̀kalẹ̀ sínú sàréè Alhaji Kàsímù. Mo to pákó náà lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wà lára wọn bọ́ sí ọ̀kánkán orí rẹ̀. Mo da ojú rẹ̀ dé kí n má baà rí ohun tí mo kọ.

Ìròyìn ti ṣáájú wa dé ilé. Àǹtí Àmínátù jókòó sórí ẹní láàrin àwọn obìnrin. Mo kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Àǹtí."

"Ní àárọ̀ yìí tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, o ti mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"O jẹ́ kí n dúpẹ́." Kò pariwo. Ì bá dára ká ní ó pariwo. "Wọ́n ní o sọ ìtàn bàbá mi lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní ó wà lára ògiri níbi tí àwọn èèyàn ti ń jẹun."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tábìlì yẹn, èmi ò lè fi ṣe nǹkan kan mọ́. Ilẹ̀ ti dí. Ṣùgbọ́n ìtàn yẹn, lọ gbà á padà. Àwa la ni ín. Dìde kúrò níbẹ̀."

Mo lọ sí Osu ní ọjọ́ kejì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Auntie Korkor. Ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà bí ẹni pé iná jó o.

"O jẹ́ kí n gbé oúnjẹ lé orí sàréè?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yọ ìwé náà kúrò. Kò bá mi jiyàn. Ó yọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó fi gíláàsì àti gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n má padà wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló ní kí wọ́n gbé tábìlì náà kúrò. N kò mọ ibi tó gbé e sí.

Àwọn kan sọ fún mi pé kí n má kọ èyí síta, pé á ba iṣẹ́ mi jẹ́. Iṣẹ́ náà ti bàjẹ́. Zàíd ti lọ, ó ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ ní Kaneshie. Ẹni tí wọ́n bá gé igi rẹ̀ ní Kokomlemle báyìí kì í pè mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ ohun olóhun, tí ọkàn yín ń sọ pé ẹ ó dá a padà kí ó tó mọ̀, ẹ lọ tọrọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Mo ti gbé ìwé ìtàn náà lọ fún Àǹtí Àmínátù ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kò sí nílé. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ó wà nílé. Ó gbà á lójú fèrèsé, kò sì ṣílẹ̀kùn.